Bàlúù Tó Gbé Ọkọ Fekla Bọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ Fekla máa padà wálé, kò sí nǹkan kan tó ṣe Fekla. Ó jí, ó se tíì, ó gbàgbé tíì náà sórí tábìlì títí tó fi tutù, ó wọ ṣòkòtò mẹ́ta léra wọn, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà onírun, ó sì jáde lọ bá katakata rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò ní mọ̀ pé obìnrin tí gbogbo abúlé ń bá yọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé ara wa o, torí ẹlòmíì á ní òkú kì í wọ bàlúù. Angalik, ọkọ Fekla, ti kú láti ìgbà tí odò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ó lọ wo ìgèrè ẹja tó dẹ sábẹ́ yìnyín, yìnyín ọ̀hún ò tíì ki tó, ó já, odò sì gbé e lọ. Ó wá di pé Anesia, ọmọ ẹ̀gbọ́n Angalik, ló kọ́kọ́ bímọ lẹ́yìn ikú náà, nílé ìwòsàn ní ìlú ńlá. Ní Nunapik, abúlé wọn, ọmọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí lẹ́yìn òkú ló ń jẹ́ orúkọ òkú, akọ ni o, abo ni o. Kì í wá ṣe orúkọ ẹnu lásán. Ẹni tó lọ ló dé yẹn. Ìyá òkú á máa pe ọmọ ọwọ́ náà ní ọmọ òun, àbúrò òkú á máa pè é ní ẹ̀gbọ́n òun, opó òkú á sì máa pè é ní ọkọ òun, á máa bù ún ní ẹja tó dáa jù nínú àwo títí ọmọ náà fi máa dàgbà. Wàyí o, obìnrin ni Anesia bí. Angalik onírùngbọ̀n, Angalik tí ń fi èjìká kan gbé ìdajì ẹran, ti di ọmọbìnrin.

Ìyẹn ni Wasska rí tó ń fi ojoojúmọ́ yọ Fekla lẹ́nu. Ọmọ àbúrò bàbá ni Wasska sí Fekla, irú ìbátan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ láyé ni kó máa fini ṣe yẹ̀yẹ́. Tí kò bá yọni lẹ́nu, inú ló ń bí i yẹn.

“Fekla! Mo gbọ́ pé ọkọ ẹ ti fá irùngbọ̀n!”

“Mo gbọ́.”

“Wọ́n ní ó tún ń tọ̀ sára.”

“Ìyẹn ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá mutí,” ni Fekla dáhùn, gbogbo èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín nínú ìsọ̀. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ṣì mọ ọ̀nà àwàdà bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú ilé ọ̀hún mọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú tipiri téèyàn bá jókòó lé e pẹ́? Ẹ á gbá a, ẹ á fún un, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni. Bí inú Fekla ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Angalik jáde látinú odò. Kò sunkún. Àwọn èèyàn ń sọ pé, “Fekla lọ́kàn o,” wọ́n ń bá a gbé ọbẹ̀ wá, ó ń jẹ ẹ́, kò sì mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀ àbí kò sí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ni tẹ́lẹ̀! Ibùdó ẹja ni wọ́n bí i sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá rẹ̀ ń la ẹja lọ́wọ́ nígbà tí ìrọbí mú un, wọ́n ní ó la èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó lọ dùbúlẹ̀. Fekla dàgbà, ó ń se oúnjẹ ní iléèwé abúlé, ó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ, ó ń bu ọbẹ̀ kún abọ́ wọn. Ibẹ̀ ni Angalik ti rí i. Iṣẹ́ ìjọba ni Angalik ń ṣe, òun ló ń fi katakata gbá yìnyín kúrò lójú ọ̀nà tí bàlúù ń bà sí. Bó ṣe di pé wọ́n fẹ́ra wọn, Fekla á gbé tíì lọ bá a lórí iṣẹ́, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú katakata kótópó yẹn, wọ́n á jọ máa lọ, wọ́n á jọ máa bọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Nígbà tí Angalik kú, obìnrin ọ́fíìsì pè láti ìlú ńlá.

“A kẹ́dùn o, Fekla. Ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni tó lè gba iṣẹ́ náà?”

“Èmi.”

“Ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ sinmi ni?”

“Òjò dídì ò sinmi.”

Bó ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn, lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò fẹ́ ọ̀lẹ. Kì í ṣe pé kéèyàn kàn máa ti yìnyín sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá tì í sí ẹ̀gbẹ́ tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, á di ebè gígùn, ebè á le bí òkúta, ìyẹ́ bàlúù á sì lọ gbá a. Torí náà, ó gbọ́dọ̀ tì í jìnnà, kó sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Àwọn ọmọdé ńkọ́? Kí ebè tó pé wákàtí kan, wọ́n ti sọ ọ́ di òkè ìyọ̀gẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yọ́ lórí páálí bọ́ sí àárín ọ̀nà bàlúù. Ajá ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Àwọn àgbà wá burú jù. Ẹ wo Bàbá Nikifa, ọ̀nà bàlúù yẹn gan-an ló ń fi ọ̀kadà yìnyín rẹ̀, èyí tí kò ní táyà tó ń yọ́ lórí yìnyín, dá kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀yìn pápá. Bàlúù ò ní rí yín.”

“Ọ̀nà tí bàbá mi fi ajá wọ́ ẹrù gbà nìyí, kí wọ́n tó bí ẹni tó bí ẹni tó ṣe bàlúù. Bàlúù ni kó gba ẹ̀yìn.”

“Ó dáa, Bàbá.”

Fekla àtijọ́ ì bá bá a jà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Fekla ìsinsìnyí yí katakata padà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń pa dà sọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáá, bí eṣinṣin, kódà nígbà tí kò rò ó: bí wọ́n bá gbé ọmọ náà lé òun lọ́wọ́, tí òun wò ó, tí òun ò sì rí Angalik ńkọ́? Gbogbo èèyàn á dúró, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ pè é ní ọkọ rẹ̀. Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ọmọ tí àwọn ẹni rẹ̀ ò bá gba orúkọ rẹ̀ dáadáa, á máa ṣòjòjò, á máa sunkún láìnídìí. Fekla ò fẹ́ ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní ibi. Ó kàn mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú òun tí òun lè fi gba ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ yìí wá bọ́ sẹ́yìn ìjì. Ìjì ti fẹ́ fún odidi ọjọ́ méjì, ó kó òjò dídì da gbogbo nǹkan bò. Obìnrin ọ́fíìsì pè láàárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

“Ẹ káàárọ̀, Fekla. Báwo ni pápá?”

“Ó wà.”

“Yìnyín ńkọ́?”

“Òun náà wà.”

“Iná ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńkọ́?”

“Yìnyín bò ó, wáyà sì já. Kò lè tàn.”

“Ó dáa. Ọ̀sán ni bàlúù ń bọ̀, kò ní nílò iná. Ẹ kú oríire ọmọ o, a ti gbọ́!”

“Ẹ ṣeun,” ni Fekla wí, bí ẹni tí wọ́n kí fún ọmọ ẹlòmíì.

Ó gbá yìnyín títí. Apá tó wà lọ́dọ̀ abúlé ló kọ́kọ́ ṣe, ó tẹ́ ebè rẹ̀ pẹrẹsẹ. Apá kejì, tó wà lọ́dọ̀ odò, ti fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ebè tó wà létí rẹ̀ ṣì ga dé àyà. Ó fẹ́ padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Epo tán nínú katakata, ó lọ bu epo, epo ti dì bí ògì, wọ́n gbé iná sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀sán ṣe kúrú tó nígbà òtútù. Bàlúù tó yẹ kó dé lọ́sàn-án, wọ́n ní kùrukùru dá a dúró ní ìlú ńlá. Nígbà tó wá gbéra, oòrùn ti ń wọ̀, sánmà àti ilẹ̀ ti di àwọ̀ kan náà, funfun nínú funfun, èèyàn ò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Nunapik, gbogbo ilé ló ní rédíò tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, torí náà kò sí àṣírí. Gbogbo wọn ló gbọ́ nígbà tí ohùn Kurt, awakọ̀ bàlúù, wọlé.

“Nunapik, Nunapik. Mo ti ń bọ̀. Iná yín ò tàn?”

“Iná ti kú,” ni Fekla fèsì látinú katakata. “Ojú ọ̀nà mọ́. Ebè kan ga lápá odò. Tí o bá lè padà, padà.”

“Kùrukùru ti padé lẹ́yìn mi. Mi ò lè padà. Ìyá àti ọmọ ló wà lẹ́yìn, ọmọ ń sùn.”

Áà! Kó tó sọ ọ́ tán, abúlé ti dìde. Ìgbà tí iná bá kú báyìí, tí aláìsàn bá gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwòsàn, ohun tí wọ́n máa ń ṣe kò ṣòro: gbogbo èèyàn á gbé ọ̀kadà yìnyín jáde, wọ́n á tò ó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà, iná ọ̀kadà á máa tàn, bàlúù á sì bà sí àárín méjì. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kadà tú jáde bí ìgbà téèyàn tú ilé ìjàlọ. Ìyá lọ́mọ lẹ́yìn, bàbá àgbà lẹ́yìn ọmọ-ọmọ, gbogbo wọn ń hó.

Ṣùgbọ́n aláìsàn kọ́ ni bàlúù ń gbé lọ lónìí. Angalik ló ń gbé bọ̀! Ta ló fẹ́ kẹ́yìn? Ẹ̀gbẹ́ abúlé ni bàlúù máa ń ṣí ilẹ̀kùn sí. Nítorí náà gbogbo ọ̀kadà, ẹ gbọ́ mi ná, gbogbo rẹ̀ pátá, tò sí ẹ̀gbẹ́ abúlé. Lápá odò, kò sí ẹyọ kan. Òkùnkùn birimù.

Ohùn Kurt wọlé. “Mo rí iná o. Ìlà kan ni mo rí. Ìlà kejì dà? Mi ò mọ bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, mi ò sì rí ebè yín. Màá yí po lẹ́ẹ̀kan. Epo tí mo ní ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Fekla gbé ẹnu sí rédíò. “Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn. Ìdajì yín, ẹ lọ sápá odò.”

Ohun tó jáde látinú rédíò lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò ní gbàgbọ́.

“Wasska ni kó lọ!”

“Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ra ìlédìí? Kí Olinka lọ jókòó síbẹ̀, àtàná ló ti ń ní ẹsẹ̀ ń dun òun.”

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí ni mo ṣe ní kí n dúró síbí, òmùgọ̀!”

“Èmi àti Angalik la jọ ń ṣọdẹ láti kékeré. Mi ò kúrò.”

“Èmi ni mo bí i,” ni ohùn Ìyá Agrafena, ìyá Angalik, ó rọra ń sọ ọ́. “Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ni mo kọ́kọ́ bí i.”

“Èmi ní tèmi, àgbà kì í dúró síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́,” ni Bàbá Nikifa wí.

Ó wá jọ pé wọ́n ń jà, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran. Kò sí ẹni burúkú nínú wọn. Oníkálukú rò pé ẹlòmíì á lọ. Lókè, iná bàlúù pupa kékeré kan ń yí po lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Fekla wò wọ́n látinú katakata. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn bàlúù máa ṣí sí. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín ibẹ̀ kó má baà yọ̀, ẹnì kan tilẹ̀ tẹ́ awọ ẹran síbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa dúró tí wọ́n á gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó wo awọ ẹran yẹn. Lẹ́yìn náà ó yí ọwọ́ katakata, ó dá ọ̀nà bàlúù kọjá sápá odò, ó fẹ̀yìn katakata ti ebè gíga yẹn, ó sì tan gbogbo iná tó ní.

Àwọn èèyàn sọ títí dòní pé ìfẹ́ ló ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ o, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rí ibi tí kò ti ní sẹ́ni tó máa wo ẹnu òun, ó sì lọ síbẹ̀. Ara tù ú díẹ̀ bó ṣe lọ. Ìyẹn nìkan ni.

Ṣùgbọ́n katakata kan kì í ṣe ìlà. Ó tún gbé rédíò. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, bó ṣe ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ náà ni.

“Angalik ti kú lẹ́ẹ̀kan,” ló wí. “Ẹ̀ẹ̀kan ti tó.”

Kò sẹ́ni tó tún sọ pé òun ra ìlédìí. Ọ̀kadà kan ló kọ́kọ́ gbéra, ti Wasska ni, ó sáré kọjá, ó lọ dúró lápá ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ebè. Olinka tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń ya lọ ní méjì méjì. Ẹ mọ ẹni tó kọjá kẹ́yìn? Bàbá Nikifa! Òun tó mọ̀ ọ́n dá kọjá jù. Ó ń bú atẹ́gùn bó ṣe ń lọ.

“Mo rí ìlà méjì,” ni Kurt wí. “Mò ń bọ̀.”

Bàlúù sọ̀ kalẹ̀ láàárín iná méjèèjì. Ìyẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá lórí ebè, ó ku díẹ̀ báyìí kó gbá a, Wasska tẹrí ba lórí ọ̀kadà. Táyà kan ilẹ̀, ó yọ̀ sósì, ó yọ̀ sọ́tùn-ún, yìnyín tú bo gbogbo nǹkan, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn náà ó fara hàn, ó ti dúró. Ariwo ta! Àwọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fẹ́ ya lọ bá a.

“Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́sẹ̀,” ni Fekla wí lórí rédíò. “Irin iwájú yẹn ṣì ń yí. Kò mọ ìyá, kò mọ bàbá.”

Wọ́n dúró. Irin náà yí, ó yí, ó falẹ̀, ó kú. Ilẹ̀kùn ṣí. Anesia yọ jáde, aṣọ òtútù ti sọ ọ́ di bí àpò, ọmọ wà ní àyà rẹ̀ nínú ẹ̀wù onírun. Ìyá Agrafena na ọwọ́ méjèèjì. Anesia wo ibi awọ ẹran yẹn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Àǹtí Fekla dà?”

Ẹnu gbogbo wọn tọ́ka sápá odò. Anesia kúnlẹ̀ díẹ̀ fún ìyá àgbà, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, mò ń bọ̀,” ó sì gba ẹ̀yìn ìrù bàlúù kọjá, Kurt dì í lápá mú kó má baà ṣubú.

Fekla rí i tó ń bọ̀. Kò sí ibi tó tún lè wakọ̀ lọ. Odò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀.

“Àǹtí, ẹ kú ìdúró. Ọkọ yín rèé. Ó yọ mí lẹ́nu gan-an kó tó sùn o, ó tó bí ọkọ lóòótọ́!”

Fekla fi eyín bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gba ọmọ. Àwọn èèyàn ti pa ẹ̀rọ ọ̀kadà wọn kí wọ́n lè gbọ́. Ó wo ojú ọmọ náà. Ojú pupa, ojú híhunjọ, imú kékeré tí wàrà gbẹ sí létí. Kò jọ Angalik. Ó jọ gbogbo ọmọ tuntun, bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Fekla dúró pé kí nǹkan kan ṣẹ́ nínú òun. Ó dúró títí. Nǹkan kan ò ṣẹ́.

“Ọkọ mi,” ló wí, torí pé ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Èéfín ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì tú ká. Lódìkejì, Ìyá Agrafena bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwọn obìnrin gbè é lẹ́sẹ̀. Ojú Fekla gbẹ. Ọmọ ò tilẹ̀ jí.

“Ṣé ó ti jẹun?” ni Fekla bi Anesia.

“Jẹun kẹ̀! Bí ẹni tí wọ́n ń lé ló ṣe ń jẹ. Ẹ wò ó ná, ọyàn mi ti bó!”

Wasska gbọ́ ọ. “Angalik ni! Kò sí àní-àní mọ́!” Ẹ̀rín sì gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Kurt ní òun máa ti bàlúù wọ ẹ̀gbẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú tán, kí wọ́n kúrò lójú ọ̀nà. “Ó ti yé mi,” ni Fekla wí. Ó yíjú sí Anesia. “Gba ẹ̀yìn, má gba iwájú. Ibi tó ń dán yẹn, má tẹ̀ ẹ́. Gbé ọmọ mọ́ra.”

Anesia ń wò ó. “Àǹtí, ọwọ́ yín ló ṣì wà.”

Òótọ́ ni. Fekla wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti kú tipiri nínú òtútù, kò mọ̀ pé wọ́n di nǹkan kan mú, ṣùgbọ́n wọ́n dì í mú. Kò gbé ọmọ náà fún un. Ó ní, “Tẹ̀ lé mi, mo mọ ibi tí kì í yọ̀,” ó fi ẹ̀wù rẹ̀ bo ọmọ lórí, ó sì gbé e gba ẹ̀yìn ìrù bàlúù kọjá, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó kọjá lára awọ ẹran náà láìdúró. Ó gbé ọmọ lé Ìyá Agrafena lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ó padà sápá odò, nítorí ebè yẹn ṣì ga.